Sẹ́ẹ̀lì Tí Ń Jẹ Ara Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìfun Wa àti Àrùn Jẹjẹrẹ

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò ní àkókò yìí kì í ṣe èyí tí a kọ́kọ́ pinnu láti kọ. Ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú eyín ni a ti kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a gbé e tì sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a jẹ yín ní àlàyé lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí pé ní àkókò Lẹ́ńtì tí ó kọjá, a sọ nínú ìpàdé wa pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i pé bí ènìyàn bá gbààwẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ a máa jẹ ìdọ̀tí inú wọn, àti pé nípa bẹ́ẹ̀ ara a máa jẹ àrùn jẹjẹrẹ run. Orí fóònù ni a ti ka ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn mọ́ wa nínú, a sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, apá kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú sí wa. Olùkọ́ tí ó bá kọ ìṣirò òdì sí ojú pátákó, ojú pátákó náà ni ó gbọ́dọ̀ ti pa á rẹ́, níṣojú gbogbo kíláàsì.

Ohun tí ó jẹ́ kí a mọ àṣìṣe wa ni ìyá kan nínú wa, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ìyá yìí ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ń mu àgbo sí i. Nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ wa, ó fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kún àgbo náà, ó ní ohunkóhun tí ó wù kí ó wà ní inú òun, ara yóò jẹ ẹ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni òòyì ti kọ́ ọ tí ó fi ṣubú. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò, tí a ní kí ó jẹ́ kí a lọ sí ilé ìwòsàn, ó wò wá lójú, ó ní, “Màmá Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin ni ẹ sọ pé ara yóò jẹ ẹ́ run?” Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò ní ọkàn wa. A ó padà sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì ń jẹ?

Gbogbo wa mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ni a fi ń kọ́ ilé. Sẹ́ẹ̀lì ni búlọ́ọ̀kù tí a fi kọ́ ara wa, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe òkú búlọ́ọ̀kù. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ń lọ nínú rẹ̀ dà bí iṣẹ́ ilé ìdáná ní ọjọ́ ìnáwó. Níbi tí iṣẹ́ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí kò lè ṣaláì wà. Àwọn purotéènì inú rẹ̀ a máa gbó, wọn a sì bàjẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń pèsè agbára fún un a máa gbó bí jẹnẹrétọ̀ àtijọ́, ohun olóró a sì máa jáde lára wọn bí èéfín. Bí a kò bá kó ìwọ̀nyí kúrò, sẹ́ẹ̀lì náà yóò ṣàìsàn.

Bí ó ṣe ń kó wọn kúrò ni èyí. Yóò ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yí ohun tí ó bàjẹ́ náà ká, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ, títí ẹnu ewé náà yóò fi pa dé. Yóò wá gbé ìdì náà lọ bá àpò kan tí ó kún fún omi kíkan àti àwọn èròjà tí ń jẹ nǹkan dà. Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kì í sì í dà wọ́n nù. Àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ náà ni yóò kó jáde tí yóò fi ṣe nǹkan tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọmọ nígbà tí ọjà gbówó lórí lẹ́yìn ọdún 1986 mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: a ó tú bùbá àtijọ́, a ó gé ibi tí ó ti ya kúrò, a ó fi ìyókù rán aṣọ ilé ìwé fún ọmọ.

Orúkọ tí a ń pe iṣẹ́ yìí ni ọ́tófájì. Láti inú èdè Gíríìkì ni a ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni jíjẹ ara ẹni. Christian de Duve, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní ọdún 1963. Òun kan náà ni ó ti kọ́kọ́ rí àwọn àpò omi kíkan náà ní nǹkan bí ọdún 1955, ó sì wà nínú àwọn tí wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1974. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yoshinori Ohsumi ará Jàpáànù dé. Ohun tí ọkùnrin yìí fi ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ń ka Bíbélì tàbí tí ń ṣe búrẹ́dì, nítorí ìwúkàrà ni. Ó mú irú ìwúkàrà kan tí àpò rẹ̀ kò lè jẹ nǹkan dà, ó fi ebi pa á, ó sì fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Láàárín wákàtí mélòó kan, àpò náà kún fún àwọn ìdì kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ti pọ́n ṣùgbọ́n tí kò rí jẹ dà. Ní ọdún 1992 ni ó tẹ ohun tí ó rí jáde. Ní ọdún 1993, òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé ó tó jíìnì 15 tí iṣẹ́ náà kò lè ṣe láìsí wọn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2016.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, “ó fi ebi pa á.” Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ti jáde. Òtítọ́ ni pé bí oúnjẹ bá wọ́n sẹ́ẹ̀lì, yóò túbọ̀ máa jẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó má baà kú. A rí i nínú ìwúkàrà, a sì rí i nínú eku. Apá tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí a kà sí yín létí nìyẹn.

Inú ìfun wa

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bí mítà 6, ìfun ńlá sì tó mítà kan àbọ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni awọ tí ó tẹ́ inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo ni nínípọn awọ yìí. Gbogbo ata, gbogbo egungun ẹja, gbogbo kòkòrò àìfojúrí tí a ń gbé mì, òun ni ó ń kọ́kọ́ pàdé wọn. Ìdí nìyí tí kì í fi í pẹ́ gbó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni ara ń pààrọ̀ èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ́ inú ìfun wa ní ọjọ́ Àìkú tí a wà ní ilé ìsìn, ìgbà tí yóò fi di ọjọ́ Ẹtì, púpọ̀ nínú wọn ti bá ìgbẹ́ lọ.

Níbo ni àwọn tuntun ti ń wá? Nínú awọ náà ni àwọn ihò kéékèèké wà, wọ́n jì sísàlẹ̀ bí kànga. Ní ìsàlẹ̀ kànga kọ̀ọ̀kan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá wà. Ní ọdún 2007 ni ẹgbẹ́ onímọ̀ tí Hans Clevers ń darí ní orílẹ̀-èdè Netherlands rí àmì tí a fi lè dá wọn mọ̀ nínú ìfun eku. Àwọn ìyá yìí ni wọ́n ń bímọ lọ́sàn-án lóru. Àwọn ọmọ a máa gun ògiri kànga bọ̀ wá sí òkè, wọn a ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a sì já bọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kì í lọ. Ibẹ̀ ni ó jókòó sí. Nítorí náà bí ìdọ̀tí bá kó jọ sí ìyá lára, tí ìwé àṣẹ tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní DNA, bá ya, gbogbo ọmọ tí ó bá bí lẹ́yìn èyí ni yóò jogún ìwé yíya náà. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ ohun tí a ń wí.

Ọ́tófájì wà lára ohun tí ó ń pa ìyá yìí mọ́. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Cochin ní ìlú Paris tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti yọ jíìnì kan tí à ń pè ní Atg7 kúrò nínú ìfun àwọn eku, tí ọ́tófájì kò fi lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ohun olóró kó jọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá, DNA wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya, púpọ̀ nínú wọn sì kú.

Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe níbẹ̀. Bí kòkòrò bí irú Salmonella bá rá pálá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun, sẹ́ẹ̀lì lè fi ewé pọ́n òun náà kí ó sì jẹ ẹ́. Nínú ìfun kékeré, àwọn ọlọ́dẹ kan wà tí wọ́n ń gbé nítòsí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá, a ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì Paneth, oògùn tí ń pa kòkòrò ni wọ́n ń tú jáde. Ní ọdún 2007, a rí i pé àwọn tí jíìnì ọ́tófájì kan báyìí, ATG16L1, yàtọ̀ díẹ̀ lára wọn wà nínú ewu àrùn Crohn ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Àrùn yìí ni èyí tí ìfun a máa wú, tí a máa di egbò, fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún kejì ni a rí i pé àwọn ọlọ́dẹ Paneth irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè kó oògùn wọn jọ bí ó ti yẹ. Ìfun tí ó bá sì wà nínú egbò fún ọdún púpọ̀, jẹjẹrẹ kò jìnnà sí i.

Nígbà tí jẹjẹrẹ bá dé

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò tí ó ti ìta wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra wa ni, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ya. Nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá, jíìnì tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni èyí tí à ń pè ní APC, ó rí bẹ́ẹ̀ nínú nǹkan bí 8 nínú àwọn 10. Bíi bíréèkì ọkọ̀ ni jíìnì yìí jẹ́. Bí bíréèkì bá já, àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò máa bímọ láìdúró, wọn yóò sì wú jáde lára ògiri ìfun bí olú ti ń hù lára igi. Olú kékeré yìí kì í dunni, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ síbẹ̀. Ó lè gbà á tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó di i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún mẹ́wàá yìí sọ́kàn.

Ní ọdún 1999, Beth Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé jíìnì ọ́tófájì kan, Beclin 1, a máa dí ìdàgbà jẹjẹrẹ lọ́wọ́, àti pé ó dín kù nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n yẹ̀ wò. Nítorí náà àwọn ènìyàn rò pé bí ọ́tófájì bá ti pọ̀ sí i, jẹjẹrẹ yóò dín kù, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò parí. Ẹ ronú nípa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà wò. Wọ́n pọ̀, wọ́n fún ara wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà láàárín. Ebi ń pa wọ́n. Kí ni wọn yóò ṣe? Ọgbọ́n kan náà tí ìyá rere ń lò ni wọn yóò lò: wọn yóò máa jẹ ohun tí ó wà nínú wọn kí wọ́n má baà kú. Ọ̀bẹ tí ìyàwó ilé fi ń gé ẹ̀fọ́, bí olè bá wọlé, òun náà lè fi gé iṣu jẹ.

Ní ọdún 2015, àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ Cochin tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi èyí hàn kedere. Wọ́n mú àwọn eku tí jíìnì APC ti bàjẹ́ ní ìfun wọn, irú àwọn tí ó dájú pé kókó yóò hù sí. Nígbà tí wọ́n mú ọ́tófájì kúrò nínú ìfun àwọn eku yìí, àwọn kókó náà kò lè hù bí wọ́n ti máa ń hù. Agbára tán nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì burúkú náà, àwọn ọmọ ogun ara sì rọ́ wọ inú ìfun láti gbógun tì wọ́n. Ohun mìíràn tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun kó ipa nínú ogun yìí, nítorí nígbà tí wọ́n fi oògùn pa àwọn kòkòrò náà, ààbò náà yẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ìwádìí ti ọdún 2020 fi hàn pé bí a bá mú ọ́tófájì kúrò, sẹ́ẹ̀lì ìyá rere ń ṣòfò. Ti ọdún 2015 fi hàn pé bí a bá mú un kúrò, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń ṣòfò. Kí jẹjẹrẹ tó dé, ó ń ṣọ́ ilé. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti fìdí múlẹ̀, ó lè máa bọ́ ọ. Nítorí náà ẹni tí kókó bá ti wà ní ìfun rẹ̀, tí ó sì ń fi ebi pa ara rẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì lè jẹ kókó náà, kò sí ohun tí ó mú un dá a lójú pé sẹ́ẹ̀lì rere ni ó ń ràn lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹran ara rẹ̀ tí ó yẹ kí ó fi kojú iṣẹ́ abẹ ni ó ń jẹ tán.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa oògùn. Gbogbo wa tí a ti dàgbà ni a mọ kòlórókúìnì, oògùn ibà kíkorò tí ó máa ń mú ara yún wá bí ẹni pé ìjàlọ bò wá, tí ìjọba Nàìjíríà fi oògùn mìíràn rọ́pò ní ọdún 2005. Oògùn yìí àti ìbátan rẹ̀ tí à ń pè ní hydroxychloroquine a máa ba omi kíkan inú àpò sẹ́ẹ̀lì jẹ́, tí ìdì ewé kò fi ní lè dà. Àwọn dókítà ti dán an wò pọ̀ mọ́ oògùn jẹjẹrẹ lára àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n kò tíì di ìtọ́jú tí a fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ìfun. Ẹ̀yin náà ti lè rí ìṣòro rẹ̀: bí a ṣe lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ olè láìgbà á lọ́wọ́ ìyàwó ilé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ rà á jẹ nítorí ohun tí ó kà níhìn-ín. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nígbà àrùn Kòrónà, àwọn kan lo àlòjù kòlórókúìnì ní Èkó títí wọ́n fi di èrò ilé ìwòsàn.

Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ni gbogbo ẹ̀jẹ̀

Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń gbọ́ pé iyọ̀ ìrèké, iyẹn ṣúgà, ni ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, àti pé jẹ̀díjẹ̀dí ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀. Òtítọ́ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí máa ń fa ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n olú inú ìfun àti jẹjẹrẹ náà ń fà á, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú wo ẹ̀jẹ̀ kí ó mọ ibi tí ó ti wá. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí bí ẹ ṣe ń yàgbẹ́ yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbẹ́ gbuuru lónìí, àìlèyàgbẹ́ lọ́la, tàbí tí inú ń run yín láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, tàbí tí a sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má tijú. Àwa tí a ti fọ ìtẹ́dìí ọmọ, kí ni ìtìjú wa nínú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́?

Àyẹ̀wò wà tí a fi ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí nínú ìgbẹ́ díẹ̀ tí a bu sínú ìgò kékeré. Èyí tí ó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni okùn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná àti ẹ̀rọ ayàwòrán wà lórí rẹ̀, tí dókítà yóò tì gba ìdí wọlé. Bí ó bá rí olú níbẹ̀, ó lè gé e lójú kan náà kí ọdún mẹ́wàá tí a sọ tó pé. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2021, ẹni ọdún 45 ni wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, ì báà má rí àmì kankan. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní àrùn náà ní láti tètè bẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àti èso wa dára fún ìfun. Ẹran inú agolo àti sọ́séèjì ni kí a dín kù. Ní ọdún 2015, àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹni tí ó bá ń jẹ gíráàmù 50 irú ẹran bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá tirẹ̀. Ọtí àti sìgá náà wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan ti bi wá pé, ṣé kí a má gbààwẹ̀ mọ́ ni? Rárá o. Ohun tí a ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀ kò yí padà, kì í sì í ṣe nítorí sẹ́ẹ̀lì ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tí ó bá sì ń ṣàìsàn, tàbí tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ní ti ìyá wa, ó gbà kí a bá òun lọ ní ọjọ́ kejì. Jẹjẹrẹ ni wọ́n rí ní ìfun ńlá rẹ̀, ní apá òsì. Wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti gé ibẹ̀ kúrò, ó sì ń gba oògùn lọ́wọ́ báyìí. Dókítà sọ fún un pé kí ó máa jẹun dáadáa. Nígbà tí a lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, àmàlà ni ó ń jẹ, ó ní kí a jókòó, kí a bá òun jẹ. Òun ni ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ìwé ìròyìn wa, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ òun. Ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́bí ti pé ọdún mọ́kànlélógójì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ ni yóò lọ fún àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí náà a ti ṣèlérí pé a ó bá a lọ.